Apá wo lo wà? Ìgbàgbọ́, ìròyìn àti ayé àlejò ní Malta

Ní Malta, erékùṣù kékeré tó wà ní Yúróòpù, tí ẹ bá fẹ́ mọ apá tí ẹnì kan wà, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú láti bi í, ẹ ṣáà wo tẹlifíṣọ̀n tó ń wò. Ilé tí wọ́n bá ti ń tan ONE, ẹgbẹ́ òṣèlú Labour ni wọ́n. Ilé tó bá ń wo NET, Nationalist ni. Mi ò méfò o, àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú méjèèjì fúnra wọn ló ni iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n méjèèjì, wọ́n ní rédíò, wọ́n ní wẹ́bùsáìtì, gbogbo ìlú ló mọ̀, kò sẹ́ni tó ń fi bò. Ọdún 1991 ni òfin yí padà tí wọ́n gba àwọn ẹlòmíì láyè láti máa gbóhùn sáfẹ́fẹ́, bí ìjọba ṣe ṣílẹ̀kùn báyìí àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ló kọ́kọ́ sáré wọlé, kò sì pẹ́ tí ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì náà fi dá rédíò tiẹ̀ sílẹ̀.

Ilé àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ ìtọ́jú, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Áfíríkà àti àwọn ará Philippines àti ará India ń ṣe níbí. Pálọ̀ kan, tẹlifíṣọ̀n kan, àwọn bàbá àti màmá tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. A ní bí a ṣe ń pín in kó má bàa dìjà: ìròyìn ONE lónìí, ti NET lọ́la, Mísà ọjọ́ Àìkú lórí TVM tó jẹ́ ti ìjọba. Rósárì orí Radju Marija nìkan ni gbogbo wọn jọ ń gbọ́ tí ojú ẹnikẹ́ni kì í fà ro. Bàbá kan wà níbẹ̀, tí wọ́n bá ti tan ìròyìn ẹgbẹ́ kejì báyìí á yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà, á kọjú sí ògiri títí tó fi máa parí. Kì í pariwo, kì í bú ẹnikẹ́ni, ó kàn ní òun ò ní í jẹ́ kí irọ́ wọ òun létí ní ọjọ́ ogbó òun ni. Bẹ́ẹ̀ bàbá kejì tó tẹ́tí sí ìròyìn yẹn dáadáa, àdúgbò kan náà ni wọ́n dàgbà sí, iléèwé kan náà ni wọ́n lọ, iwájú pẹpẹ kan náà ni wọ́n ti jọ gba ara Olúwa fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọmọ ìyá ni wọ́n ń pe ara wọn tí tẹlifíṣọ̀n bá ti kú.

Àwọn àgbà wa sọ pé ojú tó wà lórí àlejò, kò fi ríran. Mo ti ronú sí ọ̀rọ̀ yìí gan-an látìgbà tí mo ti dé síbí, ohun tí èmi sì rí ni pé àlejò ń ríran dáadáa, ẹnu ni kò ní. Ní erékùṣù yìí, yálà nínú ìgbàgbọ́ ni o, yálà nínú ìròyìn ni, ìbéèrè kan náà ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó o jẹ́: ti apá ibo ni ẹ́? Ṣọ́ọ̀ṣì wo, ẹgbẹ́ bándì wo, ẹgbẹ́ òṣèlú wo, ọmọ ta ni ẹ́. Ẹni tó bá ní ìdáhùn, á rí ẹni gbẹnu sọ fún un. Ẹni tí kò bá ní, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ni, wọn ò ní bá a sọ ọ́. Mo fẹ́ kí ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á lọ.

Ilẹ̀ ibí kéré. Kìlómítà 316 níbùú lóròó ni gbogbo ẹ̀, Malta àti Gozo àti Comino pọ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó tí a máa ń sọ pé òun ló kéré jù ní Nàìjíríà tóbi jù ú lọ ní ìlọ́po mọ́kànlá. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní 2021, wọ́n lé ní 519,000, àlejò sì ju ẹnì 1 lọ nínú èèyàn 5. Kò sí odò kankan, fún èmi tí mo jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta tí mo fi ojoojúmọ́ ayé mi rí odò Ògùn, ó pẹ́ kí ìyẹn tó wọ̀ mí lára, inú òkun ni wọ́n ti ń fa púpọ̀ nínú omi tí à ń lò, wọ́n á fi ẹ̀rọ yọ iyọ̀ kúrò nínú ẹ̀. Àwọn katakata gogoro tí wọ́n fi ń kọ́lé wà níbi gbogbo, eruku òkúta aláwọ̀ yẹ́lò, ariwo, mọ́tò tó pọ̀ ju ọ̀nà lọ. Láti October 2022 ni ẹni tó ń gbé ibí ò ti sanwó bọ́ọ̀sì mọ́ tó bá ṣáà ti ní káàdì, ìyẹn sì ràn wá lọ́wọ́ gan-an, àmọ́ láàárọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti kún fọ́fọ́ á kàn kọjá lára yín ni, ẹ̀yin á sì máa wo aago.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ibí, mi ò ní í purọ́. Òkun tó jẹ́ pé níbi yòówù kó o wà, ìrìn díẹ̀ sí i ni. Àwọn ọkọ̀ ojú omi aláràbarà ní Marsaxlokk tí wọ́n ya ojú méjì síwájú wọn, pé kí ojú yẹn máa ṣọ́ apẹja lórí omi. Ẹja lampuki tó máa ń dé tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń lọ sópin, tí àwọn màmá á fi ṣe páì. Bí àwọn àgbà ṣe máa ń gbé àga jáde síta lálẹ́, tí wọ́n á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n á máa kí ẹni tó ń kọjá. Tó o bá ti ń gba òpópónà kan kọjá fún oṣù mélòó kan, wọ́n á mọ aago tó o máa ń dé láti ibi iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí mo bá pẹ́, wọ́n máa ń bi mí ní ọjọ́ kejì pé ṣé kò sí o. Ìyẹn máa ń mú inú mi dùn púpọ̀.

Bí ibẹ̀ ṣe kéré yẹn náà ló fà á tí ọ̀rọ̀ ìròyìn fi le. Akọ̀ròyìn tó bá kọ nípa mínísítà lónìí, á bá àbúrò mínísítà pàdé nílé búrẹ́dì lọ́la, àwọn ọmọ wọn jọ wà ní kíláàsì kan náà, ìyàwó ọ̀kan ló ń tọ́jú ìyá èkejì lọ́sibítù. Kò sí ibi tí wọ́n lè sá sí fún ara wọn. Nílé wa, ẹni tó kọ̀wé bú gómìnà lè gba Ìbàdàn lọ kó máa gbé ayé ẹ̀. Níbí ńkọ́? Ibo ló fẹ́ lọ? Ọkọ̀ ojú omi láti Ċirkewwa sí Gozo ò ju bíi ìṣẹ́jú 25 lọ, tó o bá sì débẹ̀, wọ́n mọ̀ ẹ́ níbẹ̀ náà.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ìgbàgbọ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn Kátólíìkì wà nínú òfin orílẹ̀-èdè wọn, abala kejì gan-an, pé ẹ̀sìn ìlú nìyẹn. Ìtàn tí wọ́n sì fi ń pe ara wọn ní Kristẹni, ìtàn ọkọ̀ tó rì ni. Gbogbo wa tó lọ sílé ìwé ọjọ́ ìsinmi ló mọ̀ ọ́n nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí 27 àti 28. Pọ́ọ̀lù tí wọ́n dè, tí wọ́n ń gbé lọ sí Róòmù, ìjì, ọkọ̀ fọ́, èèyàn 276, gbogbo wọn ló yọ, àwọn kan lúwẹ̀ẹ́ àwọn kan sì di pátákó mú, erékùṣù tí Bíbélì Yorùbá pè ní Mélítà ni wọ́n gúnlẹ̀ sí. Òjò ń rọ̀, òtútù ń mú, àwọn ará ibẹ̀ tí wọn ò mọ̀ wọ́n rí dáná fún wọn. Paramọ́lẹ̀ jáde láti inú igi, ó so mọ́ Pọ́ọ̀lù lọ́wọ́, wọ́n ní apànìyàn nìyí, nígbà tí kò kú wọ́n ní òrìṣà ni. Oṣù mẹ́ta ló lò, ó wo bàbá Publius sàn. Gbogbo ọjọ́ kẹwàá oṣù February ni wọ́n ń ṣe ìrántí ẹ̀, ìsinmi gbogboògbò ni, wọ́n á gbé ère Pọ́ọ̀lù yí Valletta tó jẹ́ olú ìlú wọn ká, nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi sọ orí ọkọ̀ tó rì yẹn, egungun ọrùn ọwọ́ kan wà tí wọ́n gbà pé ti Pọ́ọ̀lù fúnra ẹ̀ ni.

Aké ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún mi, a ò kí í gbé ère ní tiwa, Áńgílíkà ni wá, nítorí náà mi ò kúnlẹ̀ níwájú egungun yẹn. Àmọ́ mo dúró níbẹ̀, mo wò ó dáadáa, ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé àwọn èèyàn yìí fi ọjọ́ tí àwọn àjèjì rì sí etíkun wọn ṣe ọjọ́ ìbí ìgbàgbọ́ wọn. Orílẹ̀-èdè mélòó ló ní irú ìtàn yẹn? Ọ̀pọ̀ ìlú, ogun tí wọ́n jà tí wọ́n ṣẹ́ ni wọ́n ń ṣàjọ̀dún ẹ̀. Ti àwọn, àlejò tí wọ́n gbà sílé ni. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ níwájú fi ń dùn mí.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni kẹ́ ẹ wá, kẹ́ ẹ wá rí festa, àjọ̀dún ẹni mímọ́ abúlé. Gbogbo abúlé ló ní ẹni mímọ́ tiẹ̀, gbogbo ẹni mímọ́ ló ní ọ̀sẹ̀ tiẹ̀. Iná gílóòbù yí ṣọ́ọ̀ṣì ká láti ìpìlẹ̀ dé ṣóńṣó, aṣọ pupa olówó iyebíye lára òpó, bándì ń fọn fèrè, àwọn géńdé ru ère tó wúwo sí èjìká wọn, òógùn bò wọ́n, báńgà ń dún láti aago mẹ́jọ àárọ̀ débi pé àwọn ajá ń sá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó bá ti lọ sí Ojúde Ọba rí á mọ irú ìmúra àti ìdíje tí mò ń sọ, bí ẹgbẹ́ kan ṣe máa ń wò ó pé ẹgbẹ́ kejì ò gbọdọ̀ yọ ju àwọn lọ. Ní Ħamrun, ẹni mímọ́ kan náà, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, ẹgbẹ́ bándì méjì, ọ̀kan wọ pupa ọ̀kan wọ búlúù, láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú yẹn tí wọ́n bá jáde sójú títì, àwọn ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ dúró sáàárín. Ẹ rí i pé apá náà ló tún dé. Mo fẹ́ràn ẹ̀ ṣá o, mo máa ń lọ. Màmá kan nílé ìtọ́jú wa máa ń ní kí n fi fóònù ya fídíò ère abúlé ẹ̀ wá fún òun, tó bá ti rí i ó máa ń sunkún, a jọ máa ń wò ó títí.

Màmá yẹn náà ló sọ ti 1961 fún mi.

Mi ò gbọ́ ọ rí kí n tó dé ibí, mo sì rò pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ àti ìròyìn gbọ́ ọ. Dom Mintoff ló ń darí ẹgbẹ́ Labour nígbà yẹn, Michael Gonzi ni bíṣọ́ọ̀bù àgbà, àwọn méjèèjì ò lè rí ara wọn sójú. Ìjà yẹn le débi pé ní 1961 ṣọ́ọ̀ṣì fi òfin ìjọ de àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ Labour, wọ́n sì kéde pé ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni kéèyàn tẹ ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ yẹn, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni kó tà á, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni kó rà á, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni kó kà á. Ẹ gbọ́ mi yé, ìwé ìròyìn! Kíkà á lásán! Nígbà ìdìbò 1962, ẹni tó bá dìbò fún Labour, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá náà ni. Tí Mintoff bá ń sọ̀rọ̀ níta, agogo ṣọ́ọ̀ṣì á máa dún kí wọ́n má bàa gbọ́ ohùn ẹ̀. Àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó tí wọ́n jẹ́ ti Labour, inú yàrá ẹ̀yìn tí fáda ti ń wọṣọ ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀, wọn ò jẹ́ kí wọ́n dé iwájú pẹpẹ. Igbákejì olórí ẹgbẹ́ náà, Ġużè Ellul Mercer, nígbà tó kú lọ́dún 1961 yẹn, ilẹ̀ tí wọn ò yà sí mímọ́ ni wọ́n sin ín sí, ibi tí àwọn ará ìlú ń pè ní ààtàn. 1969 ni wọ́n tó parí ìjà náà.

Màmá ní bàbá òun máa ń ka ìwé ìròyìn yẹn nínú ilé ìgbẹ́, á ti ilẹ̀kùn, á kà á tán, á dáná sun ún. Ìyá òun mọ̀, kò sọ. Lọ́jọ́ Sátidé tí ìyá bá lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, fáda á bi í pé ta ló ń ka kí ni nínú ilé ẹ̀, á ní òun ò mọ̀, lẹ́yìn náà á wá sunkún dé ilé torí pé ó ti purọ́ níbi ìjẹ́wọ́. Màmá ṣì jẹ́ Kátólíìkì títí dòní, ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà ò kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ṣì ń dìbò fún Labour. Ó ní Ọlọ́run ò bá wọn dá sí ìjà yẹn.

Ìtàn yẹn wọ̀ mí lára nítorí ibi tí mo ti wá. Lọ́dọ̀ tiwa, ìránṣẹ́ Ọlọ́run ló dá ìwé ìròyìn sílẹ̀. Abẹ́òkúta ni, 1859, Henry Townsend, ìwé ìròyìn tó fẹ́ kí àwọn Ẹ̀gbá àti àwọn Yorùbá tó kù máa kà, èrò ẹ̀ ni pé kí kíkà mọ́ wọn lára. Ọgọ́rùn-ún ọdún lé díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ní ibòmíì, ìránṣẹ́ Ọlọ́run ń sọ pé ẹni tó bá kà á á lọ sí ọ̀run àpáàdì. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé ìwé ìròyìn lágbára. Àwa náà sì mọ ìwé ìròyìn tó ní apá o, kò sí ẹni tó dàgbà ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò mọ̀ pé Awólọ́wọ̀ ló dá Tribune sílẹ̀ ní 1949, tó sì mọ ibi tí Tribune máa ń fì sí. Àpótí asọ̀rọ̀mágbèsì tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi wáyà so mọ́ ilé ní Èkó ní 1935, ọdún yẹn náà ni wọ́n gbé irú ẹ̀ wọ Malta. Ọwọ́ kan náà ló kọ́ wa.

Ṣọ́ọ̀ṣì wọn yí padà, ó sì yẹ kí n sọ èyí náà pẹ̀lú ìdùnnú. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan wà ní Mosta, òrùlé ẹ̀ rìbìtì bí igbá tí wọ́n da dé. Lọ́jọ́ 9 April 1942, nígbà ogun, ọkọ̀ òfuurufú Jámánì ju bọ́ǹbù lù ú, ó lu òrùlé já, ó balẹ̀ sínú ṣọ́ọ̀ṣì tí èèyàn bíi 300 ti ń dúró de Mísà, kò bú. Kò pa ẹnì kankan. Gbogbo ọmọdé Malta ló mọ ìtàn yẹn, wọ́n gbé irú bọ́ǹbù náà síbẹ̀ kí àlejò máa wò ó. Inú ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni wọ́n gbé òkú Daphne Caruana Galizia wá lọ́jọ́ 3 November 2017, ẹni tí bọ́ǹbù tó bú pa.

Akọ̀ròyìn ni Daphne, ó ní búlọ́ọ̀gù tiẹ̀ tí kò sí lábẹ́ ẹnikẹ́ni, ó ń kọ nípa owó àwọn òṣèlú, ilé iṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n ní ní Panama, ó bú Labour, nígbà tó yá ó bú olórí tuntun àwọn Nationalist náà. Lọ́sàn-án 16 October 2017 ó wọ mọ́tò kúrò nílé ní Bidnija, bọ́ǹbù tí wọ́n gbé sínú mọ́tò náà bú. Ọmọ ẹ̀ ló sáré jáde. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, mi ò lè gbọ́ ọ kí n má rántí Dele Giwa, akọ̀ròyìn tiwa, 19 October 1986, àpòòwé oníbọ́ǹbù tí wọ́n gbé wá fún un nílé ẹ̀ ní Ìkẹjà. Wọ́n bí Dele Giwa ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn òbí ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ààfin Ọọ̀ni. Oṣù kan náà, ọjọ́ mẹ́ta péré ló wà láàárín. Ti Dele Giwa, títí dòní kò sí ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi. Ti Daphne, àwọn ọmọ ẹ̀ ò jẹ́ kó sùn. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí àwọn adájọ́ mẹ́ta jókòó sí sọ ní July 2021 pé ìjọba gbọ́dọ̀ ru ẹrù ikú yẹn torí pé wọ́n jẹ́ kí àwọn kan gbà pé kò sóhun tí ẹnikẹ́ni lè fi àwọn ṣe. Ní October 2022, àwọn tẹ̀gbọ́n tàbúrò méjì jẹ́wọ́, ilé ẹjọ́ rán wọn lẹ́wọ̀n 40 ọdún.

Níbi ìsìnkú yẹn, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Charles Scicluna kọjú sí àwọn akọ̀ròyìn tó wà níbẹ̀, ó rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kó rẹ̀ wọ́n nídìí iṣẹ́ wọn. Àga tí Gonzi jókòó lé lòun náà jókòó lé o. Mo ka ọ̀rọ̀ yẹn fún màmá nílé ìtọ́jú, ó mi orí, ó ní bàbá òun ìbá ti fẹ́ gbọ́ ọ.

Ní Valletta, níwájú ilé ẹjọ́, ère ńlá kan wà níbẹ̀, ìdí ẹ̀ ni àwọn èèyàn ń fi àwòrán Daphne àti òdòdó àti àbẹ́là sí. Ìgbà kan wà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń kó o dànù lálẹ́, àwọn èèyàn á tún gbé òmíràn wá láàárọ̀, wọ́n á tún kó o, títí ilé ẹjọ́ fi sọ ní January 2020 pé ohun tí ìjọba ń ṣe yẹn tẹ ẹ̀tọ́ ọmọlúàbí láti sọ èrò ọkàn ẹ̀ lójú. Gbogbo ọjọ́ 16 nínú oṣù ni wọ́n ń péjọ síbẹ̀. Mo máa ń lọ tí iṣẹ́ bá gbà mí láyè, mo máa ń rí i pé àwa aláwọ̀ dúdú ò pọ̀ níbẹ̀ rárá, ìyẹn ló sì gbé mi dé ibi tí mo ń lọ.

Àwa ńkọ́? Àwa tá a ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ tí a bá ka gbogbo àjèjì mọ́ra, a máa ń wà nínú ìròyìn lójoojúmọ́. Wọ́n ní àwa ló jẹ́ kí owó ilé wọ́n, àwa ló jẹ́ kí ọ̀nà kún, tàbí kí wọ́n sọ ọ́ lọ́nà tó dáa pé ọrọ̀ ajé ò lè lọ láìsí wa. ONE á sọ iye wa, NET á sọ iye wa. Mo ń wo ìròyìn wọn lálẹ́ níbi iṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń rí kí wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu ọ̀kan nínú wa kí wọ́n ní kí ni èrò tiẹ̀. Ní April 2019, wọ́n yìnbọn pa arákùnrin kan láti Ivory Coast ní Ħal Far, ó ń rìn lọ lójú ọ̀nà ni, mọ́tò kọjá, wọ́n yìnbọn. Bàbá ọmọ ni. Sójà méjì ni wọ́n gbé lọ sílé ẹjọ́. Ní September 2021, ọmọ Gambia kan já bọ́ níbi tó ti ń kọ́lé, ọ̀gá ẹ̀ gbé e sínú mọ́tò, kò gbé e lọ sọ́sibítù, ó já a sílẹ̀ sétí títì ní Mellieħa bó ṣe fara pa yẹn. Àwọn ará ìlú tó ń kọjá ló rí i. Ìròyìn gbé méjèèjì gan-an, inú bí ọ̀pọ̀ ọmọ Malta, wọ́n jáde síta, mo gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e gbogbo ẹ̀ ti di ìjà láàárín apá méjèèjì, ìjọba ta ló jẹ́ kó ṣẹlẹ̀, ẹgbẹ́ ta ni. Ẹni tó kú àti ẹni tó fara pa ti kúrò nínú ọ̀rọ̀.

Ní Ħal Far yẹn náà, Peace Lab kan wà tí wọ́n ti ń gba àwọn tó dé láti orí òkun sílé láti ọjọ́ pípẹ́. Fáda tó dá a sílẹ̀, Dionysius Mintoff ni, àbúrò Mintoff tí ṣọ́ọ̀ṣì bá jà. Ẹ wò ó! Ní April 2022 tí Póòpù Francis wá, ibẹ̀ ló lọ bá àwọn tí ọkọ̀ ojú omi gbé dé láti Líbíà, ó rán ìlú létí ìtàn Pọ́ọ̀lù, bí àwọn baba ńlá wọn ṣe dáná fún àwọn tí ọkọ̀ wọn rì. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ti ń retí kí ẹnì kan sọ. Mo ka ohun tí àwọn èèyàn kọ sábẹ́ ìròyìn ẹ̀ lórí Facebook, ọ̀pọ̀ ń dúpẹ́, ọ̀pọ̀ sì ní kó kó wọn lọ sí Vatican, àwọn tó kọ ìyẹn fi àwòrán ẹni mímọ́ abúlé wọn sójú ìwé wọn o.

Àwọn Mùsùlùmí wa náà ń rí i. Mọ́sáláṣí kan ló wà tí wọ́n dìídì kọ́ fún mọ́sáláṣí, ní Paola ni, Gaddafi ló fi ìpìlẹ̀ ẹ̀ lélẹ̀ ní 1978, wọ́n sì fi orúkọ Màríà ìyá Jésù pè é. Ní 2016 tí àyè ìkírun kan tì ní Sliema, àwọn Mùsùlùmí kírun Jímọ̀ sétí òkun, gbogbo ìlú gbóná. Bàbá bàbá mi, Alhaji ni, ọjọ́ Iléyá gbogbo wa là ń jẹ ẹran nílé ẹ̀, ọjọ́ Kérésì òun ló ń ra ìrẹsì. Mo ti sọ èyí fún àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n jẹ́ ọmọ Malta, ó máa ń yà wọ́n lẹ́nu pé a ò pín ìkòkò.

Mi ò ní í di ẹ̀bi ru àwọn nìkan. Ọ̀pọ̀ nínú wa tá a jẹ́ ọmọ Nàìjíríà ń gbé erékùṣù yìí bí ẹni tí kò sí níbí. Láti ibi iṣẹ́ sí ilé, láti ilé sí ìjọ tiwa tá a ń ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú nínú gbọ̀ngàn tí a háyà, rédíò Ìbàdàn lórí fóònù, WhatsApp títí ilẹ̀ á fi ṣú. Tí mo bá ní ẹ jẹ́ ká lọ síbi ọjọ́ 16 yẹn, wọ́n á ní kí ló kàn wá, ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó ni. Mo mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Ìwé àṣẹ tí a fi ń gbé ibí, ọ̀dọ̀ ẹni tó gbà wá síṣẹ́ ló so mọ́, tó bá lé ẹ lónìí o ní láti wá òmíràn kíákíá, ta ló fẹ́ lọ sọ̀rọ̀ fún akọ̀ròyìn? Pásítọ̀ wa máa ń gbàdúrà kí pẹmíìtì jáde, àmín wa máa ń dún dáadáa. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó tún fi àdúrà fún àwọn akọ̀ròyìn ìlú yìí kún un, ó gbà, ó ti ń ṣe é báyìí, àmín ti ìyẹn ò dún tó ti pẹmíìtì, àmọ́ ó ń dún. Èmi ò gbà pé kò kàn wá. Ìlú tí wọ́n ti lè fi bọ́ǹbù pa ọmọ onílẹ̀ torí ó kọ̀wé, tó mọ gbogbo èèyàn, tó ní orúkọ, tó ní abúlé, kí lẹ rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò ní ẹnì kankan, tí kò sẹ́ni tó máa tan àbẹ́là fún un níwájú ilé ẹjọ́?

Ohun tí mo ń béèrè ò pọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ jíròrò lórí àjèjì lórí tẹlifíṣọ̀n, ONE o, NET o, TVM o, ẹ fi àga kan kún àga, kí àjèjì kan jókòó lé e. Ẹ má ṣe pe ẹni tí á wá sunkún nìkan, ẹ pe ẹni tó mọ bí pẹmíìtì ṣe ń ṣiṣẹ́, tó mọ iye tí wọ́n ń san fún wa, tó lè bá yín jiyàn. Ẹ sì wá wo ìjọ wa lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Ọ̀kan nínú àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ Ìjẹ̀bú, gbọ́ Maltese débi pé òun ló ń túmọ̀ fún wa tí dókítà bá ń bá àwọn àgbàlagbà sọ̀rọ̀. Mo ti bá a sọ ọ́, ó ní òun ṣe tán láti lọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́rú ni kì í lọ síbi iṣẹ́.